Gáùn Tí Kò Lọ́rùn

Òórùn kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ ọ dòní, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn: òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí. Télọ̀ ni màmá mi, ní Sabon Tasha, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé wa. Láàárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ á ti gbẹ ètè gbogbo wa, obìnrin tó ń din àkàrà tí a ń pè ní kósáì á ti gbé epo kaná lẹ́bàá títì, màmá mi á sì ti máa fẹ́ èédú rẹ̀.

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Kaduna ni. Mo wà ní púráímárì fó, tíṣà wa sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kọ́ńpòsíṣàn mi kì í ju ìlà mẹ́ta lọ, kí àwọn òbí mi ràn mí lọ́wọ́ nílé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú rẹ̀, ẹ má purọ́: "Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni Rifkatu. Ó dára. Mo fẹ́ràn rẹ̀." Ó parí. Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ká ní ayé ṣì ń tẹ wáyà ni, èmi ni ìjọba ìbá gbà síṣẹ́, n kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́fà ló kà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ mi sì ti fẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Aṣọ ni ohun tó mọ̀.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ti ra ańkárá olómi ewé kan, ìwọ̀n gáùn kan péré. Mo ní mo fẹ́ irú èyí tí Rifkatu, ọ̀rẹ́ mi nílé kejì, wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó.

"N kò rí i," ni màmá mi wí, "n kò sì ní lọ máa yọjú wo aṣọ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tí kò mọṣẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí o bá kọ ni màá rán."

"Ní Gẹ̀ẹ́sì, mà?"

"Mẹṣíìnì mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Mo fi Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ ọ́: "Gáùn náà dára gan-an. Ó ní apá méjì. Ó ní bọ́tìnnì. Ó gùn." Mo sáré lọ ṣeré.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó pè mí. Ó ti fi kọ́tínì àtijọ́ rán an. Mo ki orí bọ̀ ọ́. Orí ń lọ, orí ń lọ, orí lu aṣọ. Mo wá ọ̀nà sọ́tùn-ún, mo wá a sósì, òdòdó kọ́tínì nìkan ni mò ń rí. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi níta.

"Mọ́mì, ọrùn dà?"

Ó bọ́ ọ kúrò lórí mi, ó na ìwé mi sí mi. "Fi ibi tí o kọ ọrùn sí hàn mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Àjọkẹ́. O dákẹ́ lórí ọrùn, ọrùn náà bá ọ dákẹ́." Bọ́tìnnì wà o, gẹ́lẹ́ níbi tí màá fi ìdí jókòó lé. N kò ṣáà sọ ibi tí yóò wà. "Ní ti 'dára' tí o kọ," ó ní, "mo wá a nínú àpótí òwú mi, n kò rí i."

Ó wá ní ọjọ́ Túsìdeè lòun máa gé ańkárá gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan ni sísọ́ọ̀sì ń wọ aṣọ, ohun tó bá wà nínú ìwé mi lòun máa tẹ̀lé. Bí n kò bá kọ ọ́ dáadáa, gáùn èṣí ni màá wọ̀ lọ síbi ìkórè, èyí tí wọ́n ti tú etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí orúnkún mi ṣì ń yọ.

Mo gba ilé Rifkatu lọ. Mo tẹ́ gáùn rẹ̀ sórí ẹní, mo ń fi ìka wọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ̀ dúró lókè orí mi. "Ke, me kike nema?" Mo ní ọrùn ni mò ń wá. Ó wo aṣọ, ó wo ọrùn mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú ìwé méjì ni mo kọ. Mo ní ọrùn rẹ̀ rí roboto, ó fẹ̀ tó ẹnu ife tí bàbá mi fi ń mu tíì, ẹ fi ìka mẹ́rin kún un kí orí lè kọjá. Mo ní apá rẹ̀ wú lókè bíi kósáì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, ó wá fún mọ́ ọwọ́ nísàlẹ̀. Mo ní bọ́tìnnì mẹ́rin wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ ẹni kò dé, àfi kí ìyá ẹni bá ni dè é. Mo dúró díẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, mo fi irọ́ kan kún un: "Ó ní àpò kan lápá ọ̀tún, ó jìn tó láti gba gúgúrú láìjẹ́ kó hàn síta."

Màmá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró níbi àpò, ó wò mí. Nígbà tí sísọ́ọ̀sì wọ ańkárá yẹn lọ́jọ́ Túsìdeè, etí mi ni mo fọwọ́ dí.

Lọ́jọ́ ìkórè, orí mi gba ọrùn gáùn náà kọjá wẹ́rẹ́. Rifkatu, nínú gáùn tirẹ̀, wá wò ó lẹ́yìn ìsìn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò mi, ó fọwọ́ wá àpò tirẹ̀ títí, ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Nawa babu aljihu," ló ń wí, pé tòun kò lápò, ló bá bú sẹ́kún.

Màmá mi tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ sí mi létí: "Ojú rẹ ti sọ fún mi pé kò sí àpò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ títí mo fi rí i."

Láti ọjọ́ náà, tíṣà wa kò fi ìlà mẹ́ta yọ mí lẹ́nu mọ́. Ìwé tó ní ká kọ ọ́ sí ló wá ń kéré jù fún mi.

Ní báyìí, Mando, lápá kejì Kaduna, ni mò ń gbé, ìjábọ̀ iṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ ni mo sì ń kọ jẹun. Lóṣù tó kọjá, mo fi fóònù tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi, tó ṣì ń ránṣọ ní Sabon Tasha: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi rán gáùn kan fún Tọ́lání. Kó ṣáà ti dára."

Ẹrù náà dé pẹ̀lú onímárúwá kan. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ki orí bọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Aṣọ ń mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde láti inú lọ́hùn-ún:

"Mọ́mì, ọrùn dà?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn ìbá ti kọ ojú ìwé méjì. Mo bọ́ aṣọ kúrò lórí Tọ́lání, mo wá ìwé àti bírò méjì, mo fún un ní bírò kan, mo mú ọ̀kan.