Ìyá Tó Ń Sun Ẹkún Ìyàwó Nìkan

Kí ìyá tó yá yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ní Lotto tó sun ẹkún ìyàwó, á kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò wa, àwọn kan ń kọ́ ìránṣọ, àwọn kan ń ṣe kéèkì. Ìyá ń wá ẹni tí òun máa kọ́ ní ẹkún ìyàwó, kò rí.

Àwọn oníkéèkì á ní, "Ìyá Ọ̀yọ́, ọkọ wo lẹ tún ń lọ fẹ́?"

"Bàbá yín ni!"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo wọlé. "Mi ò mọ̀ ọ́n o, mà."

"Jókòó, máa gbọ́."

Nígbà tó sun ún tán, ó ní, "Má pẹ́ dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ni omi bá bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti parí yunifásítì, kò tíì sí ẹni tó ń retí mi níbì kankan.