Aránṣọ àti Ìran Ológbò Onírun-Lílọ́

Aránṣọ kan ń gbé ní iwájú ilé mi. Bí ènìyàn bá bi í léèrè ibi tí ìran àwọn ológbò rẹ̀ ti ṣẹ̀, agbọ̀n àkísà tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni yóò nawọ́ sí. Inú rẹ̀ ni ológbò lásán kan ti bí abo kan tí irun rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ti àgùntàn. Àwọn oníbàárà sọ pé àrùn ni. Aránṣọ sọ ọmọ ológbò náà ní Òwú.

Ìwà Òwú ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Èkíní, kì í fa èékánná yọ sí ẹnikẹ́ni. Èkejì, ariwo ẹ̀rọ kì í bà á lẹ́rù. Ẹ̀kẹta, bí oníbàárà bá ń bínú pé aṣọ òun kò tíì yá, itan onítọ̀hún ni yóò lọ jókòó sí, ìbínú á sì rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Òwú ń darúgbó, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì jogún irun náà: akọ arẹwà kan tí ń gé ènìyàn jẹ.

Àbúrò aránṣọ, tí í ṣe ayafótò, sọ fún un pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí akọ yìí gun ìyá rẹ̀. Bí Òwú bá kú báyìí, ìran náà tán nìyẹn o.”

“Kí wọ́n wá máa gé àwọn oníbàárà mi jẹ láti ìran dé ìran? Ìwọ ni wàá máa di egbò fún wọn?”

Akọ ológbò káfíńtà kan ládùúgbò, onírun gbọọrọ tí ń sùn nínú ariwo òòlù, ni aránṣọ fi gun Òwú. Gbogbo ọmọ tí ó bí, irun wọn nà tààrà.

“Aránṣọ, ṣé ẹ ti fi àyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n ni?” ni oníbàárà kan fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ gbé ẹnu yín wá, kí n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú.”

Nígbà tí èyí tí ìwà rẹ̀ tutù jù nínú àwọn ọmọ náà tí wọ́n jẹ́ akọ dàgbà, aránṣọ fi í gun Òwú. Ẹ̀rù bà á pé ara arúgbó Òwú kò ní gba oyún mọ́, ṣùgbọ́n ó lóyún. Méjì nínú àwọn ọmọ tí ó bí ni irun wọn lọ́.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ayafótò gbé kámẹ́rà dé.

“Sọ ọ́ kalẹ̀ ná,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó dojú àwọn onírun-lílọ́ méjèèjì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Èkíní gé e níka jẹ. Èkejì kàn di ojú, ọ̀fun rẹ̀ sì ń kùn.

“Èyí ni kí o yà. Èyí tó gé mi jẹ yẹn, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ.”