Ènì Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé bí fóònù mi bá ti dún báyìí, màámi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà. Wọn ò ní bi mí pé ta ni, wọn ò ní bi mí pé kí ló dé. Wọ́n á kàn jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Upney ní London, wọ́n á tú okùn kánfáàsì tí mo rà fún wọn ní ọjà East Street, wọ́n á ní, "Ó dáa náà, a ó lọ lọ́jọ́ mìíràn." Ohùn wọn kì í le. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí jù, torí ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan fi gbèjà ara mi.

Lọ́dún yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ńlá kan láàárín ìlú, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é kí n tó sọ fún ọkọ mi pé ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ́ máa dá tèmi ṣe. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, ó sì mọ̀ pé owó òun nìkan ò lè gbé ilé ró. Ó wò mí títí. "Ṣé o ti ní oníbàárà?" Mo ní mo ti ní. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni oníbàárà ọ̀hún.

Gbogbo èèyàn ló ń pe oníbàárà mi yìí ní Dádì. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, àgbà ìjọ aláṣọ funfun, wọ́n sì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham, lápá ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láyé àtijọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín iṣu, gààrí, epo pupa àti ẹja gbígbẹ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù wa káàkiri London. Ìwé pélébé pélébé ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ kí n tó dé. Èmi ni mo gbé ọjà wọn sórí kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham lè fi fóònù béèrè àpò gààrí kó tó mu tíì àárọ̀ rẹ̀ tán.

Ọjọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ owó, Dádì jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èló?" Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò níwájú dígí nílé. Mo mọ iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbà lóòjọ́. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú àgbàlagbà tó lè bí mi, tó ń pè mí lọ́mọ, kí n wá máa dárúkọ irú owó bẹ́ẹ̀? Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí ẹnu mi tó là. "Dádì, ẹ wò ó ṣe ni." Háà! Èmi tí mo kàwé gboyè méjì! Dádì sì wò ó ṣe lóòótọ́. Bí oníṣòwò ṣe ń wò ó ṣe ni wọ́n ṣe wò ó ṣe.

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀, ì bá sàn. Nígbà tí mo délé tí mo jókòó láti kọ ìwé àdéhùn, màámi ni mo rántí. Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ni wọ́n ń tà fún àwọn aránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí ẹni tó rajà lọ́wọ́ wọn tí kò ní bá ènì nínú ọ̀rá rẹ̀, bọ́tìnnì kan, abẹ́rẹ́ kan. "Ènì ló ń fa oníbàárà padà," ni wọ́n máa ń wí. Ni mo bá kọ ọ́ sínú àdéhùn, ní òyìnbó tó ń dán, pé bí kọ̀ǹpútà Dádì bá ní ìṣòro, ọjọ́ yòówù kó jẹ́, wákàtí yòówù kó jẹ́, màá wá tún un ṣe, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ènì tèmi nìyẹn. Inú mi dùn sí i débi pé mo jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ dúdú ju tàwọn yòókù lọ.

Kò pẹ́ tí ènì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọjà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìṣòro gidi ni wọ́n ń torí ẹ̀ pè mí. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ kan gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n á pè mí. Bébà tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n á pè mí. Fọ́tò ọmọ-ọmọ sọnù nínú fóònù Mọ́mì, ìyàwó Dádì, ta ni kí wọ́n tún pè?

Ààrin èyí ni màámi dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìgbà tí oòrùn ń ràn dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kan omi òkun ní Southend, torí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn nílé ti dé ibẹ̀ rí, kò sì jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi. Ọkọ̀ ojú irin ẹyọ kan ni láti Barking. Kí ló le níbẹ̀? Sátidé tí a kọ́kọ́ múra, fóònù dún, bàtà di bíbọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Lọ́jọ́ kan, a ti dúró sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ní Barking, ọkọ̀ ti ń yọ bọ̀, kúlà jọ́lọ́ọ̀fù ti wà lọ́wọ́ mi, ni Dádì bá pè pé kọ̀ǹpútà ti dákú. Dagenham la gbà lọ. Màámi jókòó sórí àpò ìrẹsì láàárín ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ń jẹ jọ́lọ́ọ̀fù etí òkun. Wáyà kan ló yọ. Mo tì í padà, ó tán.

Nígbà tí à ń padà sílé nínú bọ́ọ̀sì ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, ènì ni.

"Ènì wo?"

Mo ṣàlàyé. Màámi kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó jókòó níwájú wa yíjú padà. "O kọ ènì síwèé? Ìwọ, ọmọ Ìjẹ̀bú?"

Inú bí mi. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi!"

Ẹ̀rín yẹn kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọjú sí fèrèsé. "Ó ku díẹ̀ kí n padà sílé," ni wọ́n sọ. "Èmi ò sì mọ̀ bóyá mo tún lè wá mọ́. Ara ń di ara àgbà."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá Dádì pé mo fẹ́ ká tún àdéhùn wa ṣe. Wọ́n mú ìwé náà jáde, wọ́n fi ìka síbi tó dúdú. "Ó wà níbí, ọmọ mi. Èmi kọ́ ni mo ní kí o kọ ọ́."

"Ènì ni mo fi ṣe, sà."

"Ènì kẹ̀? Bí mo bá ta iṣu mẹ́wàá fún ẹ, tí mo wá fi kékeré kan lé e, ènì nìyẹn. Bí mo bá kọ mọ́kànlá sínú rìsíìtì, o ti ra mọ́kànlá nìyẹn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fúnni lénì, wọn kì í fi bírò fúnni."

Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ni, ẹni tó sì ń jẹ ènì ọ̀hún ló ń là mí lóye. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo wá dìde kí n tó sọ ìyókù, torí mo ti mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lẹ́nu mi. Mo dárúkọ iye tí màá máa gbà lóòjọ́. Mo ní Sátidé àti Sọ́ńdè ò sí níbẹ̀, bí wọ́n bá sì pè mí nígbà náà, owó rẹ̀ yàtọ̀.

"Yéè! Ṣé o fẹ́ ta gbogbo kọ̀ǹpútà London fún mi ni? Dín in kù."

"Mi ò lè dín in, sà."

"Rárá?"

"Rárá, sà."

Dádì ká ìwé náà, wọ́n ní àwọn á rò ó. Ta ni kò mọ "màá rò ó" àgbà Yorùbá? Mo sunkún títí mo fi dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Heathway. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, kò bá mi wí. Ó kàn ní òun á gba iṣẹ́ kún iṣẹ́.

Fóònù wá dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju dídún lọ. Mò ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Báwo ni ọkàn mi ṣe fẹ́ wà ní Southend? Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí ó fi ku ọ̀la kí màámi wọ bàálù. Ọ̀sán ọjọ́ Fúráìdè yẹn ni Dádì pè. "Wá fọwọ́ síwèé ẹ. Mo gba ọmọ kan tó ní òun á ṣe é lówó pọ́ọ́kú, ó ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà darí gbogbo gààrí mi sí Manchester."

Mo fọwọ́ síwèé. Ó yẹ kí n máa jó, àmọ́ ẹkún ni mo gbé wọlé. Sátidé ti di tèmi, màámi sì ti ń lọ. Mo bá wọn lórí ibùsùn, wọ́n ń kó aṣọ jáde nínú àpótí.

"Mo ti ní kí ọkọ ẹ bá mi sún ọjọ́ bàálù mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Ọ̀sẹ̀ kan yìí, ènì ni. Má kọ ọ́ síbì kankan."

Nígbà tí a dé Southend lọ́jọ́ kejì, òkun ò sí nílé. Ẹrẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ títí ojú ò fi tó o mọ́. Màámi ní, "Òkun tí mo torí ẹ̀ wá dà?" Mo ní omi ti fà sẹ́yìn, á padà tó bá di ọ̀sán. "Ẹn-hẹ́n. Òkun pàápàá ń ti ṣọ́ọ̀bù." A rẹ́rìn-ín títí, a jẹ jọ́lọ́ọ̀fù wa, a ń retí. Omi wá ń padà bọ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe yíjú, mo rí màámi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń tú okùn bàtà wọn. Kíá ni mo ki ọwọ́ bọ inú báàgì. Fóònù ò dún.

Màámi ò tún wá sí London mọ́, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n papòdà sí. Oníbàárà mi ti pọ̀ báyìí. Àdéhùn mi mọ́ tónítóní, ẹnu mi sì ti le níbi owó. Mo ṣì ń fún wọn lénì, àmọ́ ọwọ́ ni mo fi ń fún wọn. Síbẹ̀, títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, etí mi á kọ́kọ́ wá fóònù, kí n tó rí ẹsẹ̀ màámi nínú omi, tí wọ́n ń ké sí mi pé kí n wá, ó tutù.