Ọwọ́ Bàlúù

Ẹ̀san ló gbé mi lọ sí ìdánwò yẹn. Àwọn tá a jọ fẹ́ di olùkọ́ awakọ̀ òfurufú ń sọ pé àwọn fẹ́ràn kí àwọn máa kọ́ èèyàn níṣẹ́. Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá bi mí, irọ́ sì ni. Ọkùnrin kan ló kọ́ mi ní wíwa bàlúù. Mo fẹ́ jókòó sórí irú àga tó jókòó sí, kí n ṣe é dáadáa jù ú lọ, kó sì rí i. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, àmọ́ mi ò ní fi "wọ́n" bọlá fún un níbí.

Ọwọ́ méjì tá a fi ń darí ọkọ̀ ló máa ń wà nínú bàlúù ìkọ́ṣẹ́, ọ̀kan níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan níwájú olùkọ́. Tí mo bá ṣàṣìṣe báyìí, ọkùnrin yìí á já ọkọ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, á wá máa fi mí rẹ́rìn-ín títí a ó fi balẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rù bà mí lókè, mo ní mo fẹ́ lọ "ulé", bí a ṣe ń pe ilé ní Àkúrẹ́. Ulé ló sọ mí láti ọjọ́ náà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdánwò ń sún mọ́lé, mo máa ń wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ bá màámi ní Oǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ dán wa wò ló máa ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ nǹkan kan, àwa la ó kọ́ ọ. Nítorí náà, màámi ni mo fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́. A gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní pálọ̀, mo sì fún wọn ní ọmọrí ìkòkò kí wọ́n fi ṣe ọwọ́ bàlúù. Wọ́n fà á mọ́ra jù. Mo já a gbà.

Màámi wò mí. Kíláàsì kìíní ni wọ́n kọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

"Ọma mi, ta ló kọ́ ẹ nírú èyí? Tí ọmọ bá ń kọ lẹ́tà sódì, wàá já ṣọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Kọ́kọ́ sọ fún un. Gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á fi sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ìwà ọkùnrin tí mo kórìíra ló ti bá mi délé. A tún un ṣe títí ọbẹ̀ màámi fi jóná.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo wọ kẹ̀kẹ́ gba Ọ̀bà-Ilé lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ọkùnrin tó kọ́ mi gan-an ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàlúù, òun ló fẹ́ dán mi wò. Iṣẹ́ olùkọ́ awakọ̀ kan ti ń dúró dè mí. Tó bá ní mi ò yege, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn. "Ulé," ó ní.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Nígbà tá a dókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó fa ọwọ́ mọ́ra jù, imú bàlúù lọ sókè, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo sọ pé ọwọ́ mi ni ọkọ̀ wà báyìí. Kò fi í sílẹ̀. Mo tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kìíní sọ̀rọ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì lé orí itan. Áà, ó dùn mọ́ mi. Mo tún imú ọkọ̀ ṣe, mo ṣàlàyé àṣìṣe rẹ̀ fún un, mo sì ní kó tún un ṣe. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo tún ní kó tún un ṣe.

Nígbà tá a balẹ̀, ó ní mo yege. Kò tètè lọ.

"Tí wọ́n bá bi ẹ́ níbi iṣẹ́ pé ta ló kọ́ ẹ, kí lo máa sọ?" Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá mi ni, sà. Wọ́n kọ́ kíláàsì kìíní ní Oǹdó."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀ dáadáa lórí ọ̀dà pápá náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà rí nǹkan kan sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́.