Ògiri Kẹjọ

"Ṣí i padà. Mo ní kó o ṣí i padà, kí n rí ògiri yẹn dáadáa."

Amọ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá méjèèjì dé ìgúnpá, kò sì fẹ́ fọwọ́ kan ìwé àwòrán mi. Mo ṣí i padà. Nínú àwòrán náà, ọkùnrin alágbára tó ń fò ń lé olè kan, ó sì gba àárín ilé onílé kọjá, bíríkì ń fò káàkiri. Ìyá tẹjú mọ́ ọn. "Ògiri karùn-ún tó wó nìyẹn," ó wí, ló bá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri, wọ́ọ́, wọ́ọ́, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Kì í ṣe ìyá tó bí mi. Aládùúgbò wa ni ní Kétu, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé tí bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, háyà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rẹ́ ògiri ilé alámọ̀ fún àwọn èèyàn. Á po amọ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màlúù, á fi ẹsẹ̀ gún un títí á fi kúnná. Òórùn iṣẹ́ náà kì í kúrò lára rẹ̀. Nílé, mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Oṣooṣù ni bàbá mi ń ra ìwé àwòrán náà fún mi, àmọ́ òun kì í kà á. Èdè Faransé, tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwé, ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni wọ́n ń tẹ lẹ́tà àwa òǹkàwé sí: kí la rò nípa èyí tá a kà lóṣù yìí? Gbogbo kíláàsì wa ló ní ohun tó fẹ́ wí. Ìjà yẹn dùn, olè yẹn burú, aṣọ pupa yẹn rẹwà.

Nígbà tí mo bi Ìyá ní ìbéèrè náà, ó kọ́kọ́ lọ fọwọ́. Ó jókòó lórí ẹní, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ọkùnrin yìí lágbára, mi ò jiyàn. Àmọ́ ògiri méje ló wó kó tó mú olè kan ṣoṣo. Ìwé parí, mi ò rí ẹnì kankan tó po amọ̀. Ibo làwọn onílé yẹn wá sùn? Kọ ọ́ sí wọn, ọmọ mi. Sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lóòótọ́?"

"Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, Ìyá."

Ì bá wù mí kí n sọ pé bó ṣe wí i ni mo ṣe kọ ọ́. Rárá o. Mo kọ ọ́ pé ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn ilé wa, tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí ìgbẹ́ màlúù, tí kò jókòó ní kíláàsì rí, tó rò pé ilé gidi nilé inú àwòrán. Mo ní kí alágbára wá bá a po amọ̀, àmọ́ kó rọra dí imú. Mo kà á fáwọn ọ̀rẹ́ mi kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín yẹn sì dùn mọ́ mi débi pé mo tún un kà.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, àti Kétu. Ìyá gbọ́, ó ní kí n wá kà á. Mo tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tí mo kọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo kà jáde fún un, ọ̀kan ò yẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n ya ojú ìwé yẹn fún òun, ó sì fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan wá fọ egbò ẹsẹ̀ Ìyá. Mo ń gbé omi bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì náà láti inú yàrá, ó ń ka ìwé ara ògiri jáde, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Ó dé ibi ìgbẹ́ màlúù, ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí Ìyá ní, "Kà á tán." Mo gbé omi sílẹ̀, mo sá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀: "Ọmọ olùkọ́, ìwé tuntun ò tíì dé?" Mo ní bàbá mi ò rà á mọ́. Irọ́ ni. Mi ò wọ yàrá rẹ̀ mọ́ títí a fi kó kúrò níbẹ̀.

Mo ti di olùkọ́ nílùú Pobẹ̀ nígbà tí Ìyá kú. Èmi àti àwọn ará àdúgbò wọlé láti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, mo sì rí ojú ìwé náà níbi tó wà. Bébà rẹ̀ ti pọ́n nítorí ọjọ́ ti pẹ́. Ìyá ti fi amọ̀ rẹ́ gbogbo ohun tí mo kọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ gún régé, lẹ́tà kan ò yọjú. Ó wá fi orúkọ mi sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó nù ún mọ́, kí ẹni tó bá wọlé lè rí i pé wọ́n tẹ orúkọ ọmọ àdúgbò òun sínú ìwé.

Ojú ṣì ń tì mí. Bí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ń sọ èrò wọn nípa ìwé tí a kà, tí wọ́n wá ń fi ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ohùn mi máa ń le ju bó ti yẹ lọ, wọn ò sì mọ ìdí. Ògiri méje ni Ìyá kà nínú ìwé yẹn. Èmi ni mo wó ìkẹjọ, òun náà ló sì rẹ́ ẹ, kò pè mí kí n wá bá a po amọ̀.