Páàkíìnì Idẹ Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Oto

Ẹ̀yin ará Láfẹ́nwá, àkùkọ kò tíì kọ tí mo ti wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí mo gbé báàgì lé itan. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé fàájì ni mo bá lọ sí Èkó, ẹ jókòó kí n ròyìn. Ìwé irin kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo ń wá lọ.

Léètì Baba Ṣódípọ̀ ni mo ń wá a fún, ẹ̀rọ àtijọ́ tí Baba fi ń gbẹ́ irin kí ojú wọn tó fọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni ọmọ wọn obìnrin ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí Kaduna. Baba ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn ń fẹ́ kí àwọn tó lọ, kí àwọn tún gbọ́ ohùn ẹ̀rọ àwọn bó ṣe ń dún láyé ọjọ́sí. Mo ti tú u, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Orí ẹ̀rọ náà ló kù, torí ó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lórí pẹpẹ irin tó jókòó lé.

Páàkíìnì ni a ń pe ìwé irin tí a máa ń fi sábẹ́ ibi tó rẹlẹ̀, bí ẹ ṣe ń fi nǹkan pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Baba kì í gba gbàrọgùdù níbẹ̀. Páálí a máa mu epo, agolo mílíìkì a sì máa tẹ̀ bí nọ́ọ̀tì bá ti fún un. "Idẹ ni kẹ́ ẹ wá," ni Baba máa ń wí fún wa, "kí gbogbo ara ẹ̀ sì nípọn dọ́gba." Ṣùgbọ́n ayé Sápù la wà, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó gbówó lé ọjà òkèèrè, irú idẹ bẹ́ẹ̀ ti wọ́n ju ojú lọ ní Abẹ́òkúta.

Oòrùn ti mú díẹ̀ kí a tó dé Ìdó. Òórùn ọ̀sà ló kọ́kọ́ kí mi, torí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ráyè ìkíni. Nílé wa, a kì í kọjá lára àgbà láì kí i. Mo kí bàbá kan níbẹ̀, ó fọwọ́ di àpò rẹ̀ mú. Mo rẹ́rìn-ín, mo fẹsẹ̀ rìn dé Oto, níbi tí àwọn tó ń ta àlòkù irin pàtẹ sí. Mo jẹ ẹ̀wà Àgànyìn lójú ọ̀nà, ẹ̀wà tó rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀kọ, tí wọ́n da ata díndín dúdú lé. Ó dùn o, ẹ má sọ fún ìyàwó mi.

Àlàájà kan wà lábẹ́ agbòòrùn, irin wẹ́wẹ́ yí i ká.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ ní páàkíìnì idẹ?"

Ó fa ìwé idẹ kan yọ lábẹ́ àpò. "Wọ̀n ọ́n kó o tó sanwó. Mi ò kí ń bínú sẹ́ni tó bá wọnjà mi."

Mo yọ máíkírómítà mi, ohun èlò tí a fi ń mọ bí irin ṣe nípọn tó. Mo fi dán igun gbogbo wò. Wọ́n dọ́gba.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò rà á. Ẹ̀gbọ́n Múfú wà ní Múṣin. A jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Baba ni, àwọn ló sì ṣáájú mi, kí wọ́n tó fi léètì sílẹ̀ lọ máa ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé mò ń bọ̀. Láàárín àwa oníṣẹ́, bí o bá ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì kí o tó yọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà nílùú, o ti rí i fín.

"Mò ń padà bọ̀, mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín ń wí," ni Àlàájà dáhùn.

Mo wọ mólúè gba Ojúẹlẹ́gbà dé Múṣin. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí epo ẹ́ńjìnnì ti sọ di dúdú. Ẹ̀gbọ́n Múfú fà mí dìde, inú wọn dùn bí ẹni pé ọmọ wọn ló dé. Wọ́n gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé síwájú mi.

"Káyọ̀dé, wàhálà ti tán! Orijínà ni, ti Jámánì. Ẹni tó tà á fún mi búra. Sọ fún Baba pé èmi Múfú ni mo fi ránṣẹ́."

Ó ń dán bíi wúrà. Ọwọ́ mi dé etí báàgì níbi tí máíkírómítà wà, mo sì fà á padà. Kí ènìyàn máa wọn ẹ̀bùn àgbà lójú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ àna kó tó jẹ ẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ yà ní Oto díẹ̀."

"Oto kẹ̀? Kí reluwé já ẹ sílẹ̀? Ó yá, wọnú mọ́tò mi."

Àwọn fúnra wọn ló wà mí lọ. A kọjá níwájú Àlàájà, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n dúró ní Ìdó, wọ́n ń juwọ́ sí mi títí ọkọ̀ fi ṣí.

A kọjá Àgége kí n tó wọ̀n ọ́n. Etí kan nípọn ju èkejì lọ. Mo fi èékánná họ ọ́, dídán rẹ̀ ṣí, agolo funfun ló wà lábẹ́. Mo bínú sí Ẹ̀gbọ́n, mo tún bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Reluwé kì í sì í yí padà nítorí ẹnì kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi í sábẹ́ ẹ̀rọ, torí kò sí òmíràn. Baba fi ọ̀pá tọ ọ̀nà wá, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí léètì. Mo tan iná sí i. Ó dún dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Baba rọra gbé ọwọ́ kúrò.

"Ta ló fún ẹ ní páàkíìnì?"

"Ẹ̀gbọ́n Múfú ni, sà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Múfú! Ó mà ṣeun o." Wọ́n nawọ́ wá èjìká mi, wọ́n gbá a pẹ́pẹ́. "Ó dára, Káyọ̀dé. Ó dún dáadáa."

Baba tó máa ń ju iṣẹ́ wa sínú pàǹtí nítorí àṣìṣe tí kò tó irun orí ló wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kò fẹ́ wọn ẹ̀bùn wa lójú wa. Ọmọ wọn dé, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Mo ti padà sí Oto láti ìgbà náà. Idẹ Àlàájà ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà báyìí, ẹ̀yin náà sì ń gbọ́ ọ láràárọ̀ bó ṣe ń dún geere. Mo kábàámọ̀ pé n kò wọn ẹ̀bùn yẹn lójú Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá bínú, ǹ bá bẹ̀ wọ́n, wọn ì bá sì dárí jì mí. Baba kú sí Kaduna kí n tó ra idẹ náà, gbígbọ̀n yẹn ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn lára ẹ̀rọ wọn.