Òórùn Tí Wọ́n Dá Màmá Mi Lẹ́bi Rẹ̀

Ọjọ́ tí àwọn ṣọ́jà dá ọkọ̀ bàbá mi dúró ní Ọ̀rẹ̀ kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ìjọba ológun la wà nígbà náà. Bí bàbá mi bá ti tan ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ rẹ̀, òórùn burúkú á gba inú ọkọ̀ kan. Mẹkáníìkì ní kó máa fọ asẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bàbá mi ní, "Ìlú le báyìí, ẹ ń sọ ti asẹ́!" Pupuru ẹ̀gẹ́ tí màmá mi ń tà ló dá lẹ́bi, ó ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òun mọ́. Ìyà tí kò tọ́ sí i! Ọ̀kadà ni màmá mi ń gbé agbọ̀n rẹ̀ gùn láti Odìgbó lọ sọ́jà Ọ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, èmi àti bàbá mi nìkan la wà nínú ọkọ̀. Ṣọ́jà kan yọjú, ó di imú mú, ó na ìbọn sí wa: "Òkú ta lẹ gbé?"

Wọ́n tú ọkọ̀ wò, wọ́n fa asẹ́ yọ. Ó dúdú bí èédú, òkú eku sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ojú ò tiẹ̀ ti bàbá mi. Ó ní, "Pupuru ló pe eku wá!"

Ìgbà náà ni ọ̀kadà màmá mi dé. Bàbá mi ní kó wá wọlé. Màmá mi wo asẹ́ náà, ó wo bàbá mi.

"Bàbá Fúnmi, ẹ máa lọ. Ọ̀kadà tèmi kì í rùn."

Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo gun ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀.